Ṣé èèyàn ṣì lè rí iná lórí òkè Arenal ní Costa Rica?

Rárá o. Òkè ayọnáyèéfín yìí bú gbàù ní oṣù Keje ọdún 1968, ó sì ń pọ iná títí di 2010 kó tó dákẹ́. Àwọn fọ́tò àpáta yíyọ́ tó pọ́n yòò tí ẹ ń rí kiri, ti àtijọ́ ni. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gùn ún dé ṣóńṣó, torí ó dákẹ́ ni, kò kú. Àmọ́ ẹ lè rìn lórí àpáta dúdú tó ti ṣàn wálẹ̀ rí, kí ẹ sì wẹ̀ nínú odò tí ooru abẹ́ ilẹ̀ ń mú gbóná nítòsí ìlú La Fortuna. Lójú tèmi, ìyẹn dáa ju wíwo iná láti òkèèrè lọ. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni òjò máa ń dín kù.