Kí òkò tó fò ni iṣẹ́ ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjìgbò l'Adó-Èkìtì ni mo ti ń taṣọ. Lọ́jọ́ kan àwọn ọ̀dọ́ kan gbé páálí jáde, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn, kò pẹ́ làwọn kan tún yọ lápá kejì pé àwọn ò gbà. Ọlọ́pàá wà ńbẹ̀ o! Inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí, ọ̀kan ń jẹ àgbàdo, àfìgbà tí òkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò ni wọ́n wá yin tiágáàsì sí gbogbo wa, títí kan èmi tí mò ń kó ìgò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?
Ìyá Aláṣọ

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ojú yín á ti ta. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abala 40 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ ní ìrọ̀rùn, igun méjèèjì ló sì kàn. Abala 83 nínú Òfin Ọlọ́pàá 2020 ní tẹ́gbẹ́ kan bá ti fi tó ọlọ́pàá létí pé àwọn fẹ́ wọ́de, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò yẹn gbọ́dọ̀ kó èèyàn jáde láti ṣọ́ wọn. Kí wọ́n fi tó o létí ni o, kì í ṣe pé kí wọ́n tọrọ àyè, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ti yanjú ìyẹn láti 2007.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń rántí. Àwọn dókítà tó lòdì sí oyún ṣíṣẹ́ wọ́de l'Austria ní 1980, àwọn alátakò sì ń ju ẹyin àti koríko lù wọ́n. Ní 1988, kọ́ọ̀tù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹni tó ń wọ́de lọ́wọ́ alátakò ẹ̀, àmọ́ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé nǹkankan ò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn dókítà yẹn ò jàre o, torí ọlọ́pàá tibẹ̀ gbìyànjú.

Ẹ wá gbé e wá s'Ìjìgbò. Kí làwọn tiyín ṣe kí òkò tó fò? Wọn ì bá ní káwọn kan gba Fájuyì, káwọn kejì gba Òkèsà, wọn ì bá tò sáàárín wọn, kí wọ́n sì mú ẹni tó bá sọ òkò nìkan. Àgbàdo jíjẹ ò sí ńbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sun kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, ẹ kọ ọjọ́, aago àti nọ́ńbà mọ́tò yẹn sílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn yín tẹ́ ẹ máa mú dání. Tí ìgò yẹn bá ṣì wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó dà á nù.