Oògùn kò gbọ́dọ̀ dúró de ìṣínu: ààwẹ̀ àti ìrun ẹni tí myasthenia gravis ń dìde sí

Ìbéèrè:

Àsàláámù àlékúmù, Àáfà wa. Abẹ́òkúta níbí la wà, ní Ìbàrà. Lọ́dún tó kọjá ni dókítà sọ fún wa pé myasthenia gravis, àìsàn tó ń sọ iṣan ara di ọ̀lẹ, ló ń ṣe màmá mi. Tí ara wọn bá dá, Mestinon hóró kan ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, wọ́n sì ń ṣe gbogbo nǹkan wọn. Àmọ́ tí ibà tàbí ọ̀fìnkìn bá ti mú wọn, kó tó di ọjọ́ kejì, ìpéǹpéjú wọn á ti wálẹ̀, ohùn wọn á máa gba imú jáde, oúnjẹ á máa há wọn lọ́fun. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Ramadan, wọ́n kọ̀ wọn ò ṣínu, wọ́n ní oògùn á dúró de Mọ̀gàríbì. Ìgbà tí mímí wá di wàhálà ni wọ́n tó gbà. Ọjọ́ 9 ni wọ́n jẹ. Ṣé wọ́n máa san án? Báwo ni wọ́n ṣe máa kírun nígbà tí apá ò gbé sókè? Àwọn ẹbí kan sì ní ká kọ́kọ́ gbé hántú (omi tí wọ́n fi fọ àyọkà Kùránì kúrò lára wàláà) fún wọn mu ná, ká tó sọ ti ilé ìwòsàn.

Ìdáhùn:

Wà àlékúmù sàláámù. Ọ̀rọ̀ hántú ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè pa èèyàn kíá nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Rúkíyà, kíka Kùránì sí aláìsàn lára, dára, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe é. Ẹ ka Fátíhà, ẹ ka súrà mẹ́ta ìkẹyìn, kí ẹ fẹ́ ẹ sí wọn lára. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ má ṣe ni pé kẹ́ ẹ da omi sí ọ̀fun tí kò lè gbé e mì. Iṣan kan wà tó ń dé ọ̀nà èémí nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Àìsàn yìí ń sọ iṣan náà di ọ̀lẹ, omi á sì yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ife hántú kan tí ẹnìkan gbé sí wọn lẹ́nu níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí lè di òtútù àyà, òtútù àyà yẹn á tún wá gbé àìsàn náà sókè sí i. Ẹ wo àmì rẹ̀: omi ń tú jáde nímú, wọ́n ń wúkọ́ bí wọ́n bá ti fẹnu kan nǹkan, itọ́ ń kún ẹnu wọn tí wọn ò lè gbé e mì. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu mọ́, ì báà ṣe hántú, ì báà ṣe àgbo Ìtòkú, ì báà ṣe oògùn wọn fúnra rẹ̀, àfi kí ẹ gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ọ̀nà mìíràn tí oògùn ń gbà wọlé. Ànọ́bì ló sọ pé ká máa wá ìwòsàn, pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fi rúkíyà dí ọ̀nà ilé ìwòsàn kò tẹ̀lé hádíìsì yẹn.

Ó wá ku ààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá mọ ìdí tí oògùn wọn kò fi lè dúró. Níbi tí iṣan ọpọlọ ti ń fi iṣẹ́ rán ẹran ara, ẹnu ọ̀nà kan wà tó ń gba ìránṣẹ́ wọlé. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń ba ẹnu ọ̀nà náà jẹ́. Bí ibà tàbí ikọ́ bá wọlé, ara á ru àwọn ọmọ ogun yìí sókè láti bá kòkòrò jà, wọ́n á sì fi agbára kan náà ṣọṣẹ́ níbi tí kò yẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀fìnkìn lásán fi ń sọ wọ́n di aláìlè-gbé-orí. Mestinon kò wo àìsàn náà sàn, ó kàn ń jẹ́ kí ìránṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó pòórá ni. Ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, agbára rẹ̀ á sì tán láàárín wákàtí 3 sí 6. Láti sààrì dé ìṣínu ní Abẹ́òkúta lé ní wákàtí 13. Hóró tí wọ́n bá lò ní aago 5 ìdájí ti tán kí aago 11 tó lù, oòrùn ò tíì dé àtàrí. Ẹ tún rántí pé inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni Ramadan ń bọ́ sí báyìí, ooru sì ń mú kí iṣan yìí tètè rẹ̀. Ta ni kò mọ bí òkúta ìlú wa ṣe ń pọn ooru mọ́ra?

Nítorí náà, bí àìsàn bá dìde, ààwẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n lè yàn mọ́. Súrà Bákọ́rà, aáyà 184 àti 185, yọ̀ǹda kí aláìsàn jẹun kó sì ka ọjọ́ mìíràn, aáyà kejì sì sọ ọ́ kedere pé ìrọ̀rùn ni Ọlọ́hun fẹ́ fún wa, kò fẹ́ ìnira. Àwọn onímọ̀ Málíkì, tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Yorùbá, tilẹ̀ lọ jìnnà ju ìyọ̀ǹda lọ: ẹni tó bá ń bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, èèwọ̀ ni ààwẹ̀ jẹ́ fún un. Bó bá jẹ́ aago 3 ọ̀sán ni mímí yí padà, aago 3 náà ni kí wọ́n ṣínu. Kò sí kàfárà (ìtanràn) nínú rẹ̀, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan ni.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó fi oògùn pamọ́ di alẹ́ ń ṣe: wọ́n á da hóró méjì tàbí mẹ́ta mu pọ̀ nígbà ìṣínu, wọ́n ní àwọn ń dí àlàfo. Oògùn kì í ṣe gbèsè ààwẹ̀ tí à ń san padà. Bí ó bá pọ̀ jù, itọ́ á máa ṣàn, ojú á máa ṣomi, inú á máa lọ́ pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, ẹran ara á máa fò pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, àárẹ̀ á tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ojú lásán kò sì lè mọ̀ bóyá àárẹ̀ tí oògùn kò tó ni tàbí ti oògùn tó pọ̀ jù. Dókítà nìkan ló ń fi kún un. Bí wọ́n bá tún ń lo prednisolone, oògùn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lójú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró lójijì nítorí ààwẹ̀ tàbí nítorí ohunkóhun.

Ibà náà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú, kíákíá sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń da oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá ní kẹ́mísìtì. Kuiníìnì àti chloroquine ń ṣe iṣan yìí ní jàǹbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni gentamicin, ciprofloxacin, levofloxacin, erythromycin àti azithromycin, àti magnesium tí wọ́n ń gbà lójú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àìsàn náà àti orúkọ àwọn oògùn yìí sórí káàdì, kí màmá máa mú un sínú báàgì wọn, kí ẹ fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún wọn lábẹ́rẹ́. Bitter lemon tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti fi ṣínu ní kuiníìnì nínú pẹ̀lú. Ẹ fi omi àti dàbínù ṣe é, bí ọ̀fun bá gbà.

Nígbà tí ara wọn bá dá, ẹ ní kí wọ́n mí sínú dáadáa, kí wọ́n máa kà láti oókan lọ sókè láìmí ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ kọ iye tí wọ́n kà dé. Lọ́jọ́ tí ibà bá dé, ẹ tún un ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí iye náà bá ń wálẹ̀, tàbí tí wọn ò lè dé 20, tàbí tí wọn ò lè dùbúlẹ̀ gbalaja láìjẹ́ pé èémí há, ẹ gbé wọn lọ lóru náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀lé ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè máa kà dáadáa títí di ìgbà tí agbára mímí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ìsinsìnyí ni kí ẹ ti béèrè nílé ìwòsàn yín, Ìdí-Àbà ni o, ibòmíràn ni o, bóyá ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí wà lárọ̀ọ́wọ́tó lóru.

Ní ti ìrun, Ànọ́bì sọ fún Imran ọmọ Husayn pé kó kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, lórí ìjókòó, bí kò bá tún lè ṣe é, lórí ẹ̀gbẹ́. Kí màmá jókòó sórí àga. Bí ọrùn bá ti ń rọ̀, kí wọ́n má forí kanlẹ̀ rárá: kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ fún rúkúù, kí wọ́n tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún sùjúúdù, ó tó. Bí apá kò bá gòkè fún kábárá (Àlááhù Àkúbárù), ẹ fi í sílẹ̀, súnnà ni gbígbé ọwọ́. Bí ohùn bá ń lọ, kí ahọ́n máa mì ní Fátíhà. Bí ahọ́n bá kọ̀, ọkàn ló kù.

Àlùwàlá, ẹ gbé bùtá kí ẹ bu omi sí wọn lára, kí ẹ bá wọn pa orí. Wọ́n bu omi fún Ànọ́bì náà. Omi tútù tàbí lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná. Tí wọ́n bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí omi kò ṣeé lò, ẹ mú òkúta mímọ́ kan dání nínú ọ̀rá fún tàyámámù. Àwọn Málíkì gba òkúta láyè, àwa ará Abẹ́òkúta ò sì ní wá a tì.

Aago oògùn àti aago ìrun ṣeé mú bára. Àìlà ń wọlé fún wa ní nǹkan bí aago 1, Àlàsárì ní nǹkan bí aago 4. Bí hóró ọ̀sán bá jẹ́ ti aago 12, kí wọ́n jẹun ní aago kan ku díẹ̀, kí wọ́n kírun lẹ́yìn oúnjẹ, agbára oògùn ṣì wà lára. Bó bá nira jù, kí wọ́n fa Àìlà dé ìparí àkókò rẹ̀ kí Àlàsárì tẹ̀lé e bó bá ti wọlé. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun lè dákú lè pa méjèèjì pọ̀ ní kùtùkùtù Àìlà. Ẹni tó sì dákú títí àkókò ìrun kan fi kọjá, àwọn Málíkì kò ka ìrun yẹn sí i lọ́rùn. Àṣámù, ìrun òru Ramadan, kí wọ́n ṣe é nílé. Inú èrò ni ikọ́ ti ń ranni.

Ọjọ́ 9 yẹn wá dúró lé ohun kan. Tí dókítà bá sọ pé oògùn lè fo ojúmọmọ láìsí ewu, wọ́n á san án, kò pọn dandan kó tẹ̀léra wọn. Oṣù kẹjọ tí ojú ọjọ́ tutù sàn ju ìgbà ọyẹ́ tí ikọ́ pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé hóró ọ̀sán kò ṣeé yọ títí ayé, kò sí sísan, fídíyà ló kù, oúnjẹ tí à ń fún aláìní dípò ààwẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí dandan, àwọn Málíkì kà á sí ohun tó dára. Múdù kan ni fún ọjọ́ kan, ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin tó wà déédéé, ó lé díẹ̀ ní ìdajì kílò. Kóńgò ìrẹsì kan bo ọjọ́ 2, kóńgò 5 sì bo ọjọ́ 9 ó ṣẹ́ kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nínú oṣù Ṣàábánì, kí Ramadan tó wọlé: "Ṣé hóró ọ̀sán yìí ṣeé yọ?" Ohun tó bá sọ ni kí màmá fi ṣe àníyàn ààwẹ̀ wọn.