Màmá ti lé lọ́gọ́rin, ta ni ká bi léèrè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí l'Ákùrẹ́, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nílé wọn. Mo fẹ́ bi Màmá kan l'Ókè Ìjẹ̀bú irú ìtọ́jú tí wọ́n máa fẹ́ bí àìsàn bá le tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọmọ wọn àgbà ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n kú ni. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ má bínú sọ́mọ yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ má fi ikú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rárá, ọjọ́ tí ara Màmá bá yá tí ọpọlọ wọn jí pépé, tẹ́ ẹ bá ti wo bíí-píì wọn tán, kẹ́ ẹ wá ní, "Màmá, bó bá rẹ̀ yín tẹ́ ẹ ò lè fọhùn, ta lẹ fẹ́ ká bi léèrè?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ti ní ìdáhùn nínú tipẹ́, àwa ọmọ la ò fẹ́ gbọ́, jàre. Látibẹ̀ lẹ ó ti bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú fi fún wọn lóúnjẹ, àbí ilé ni wọ́n fẹ́ wà. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ fi déètì sí i, kó wọ fáìlì, bí àìsàn bá yí padà ẹ tún bi wọ́n. Kì í ṣe ìwé ìhágún o, kò kan ilé tàbí ilẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fọ́mọ dáadáa! Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 23, ní ká ṣàlàyé ìtọ́jú fún aláìsàn, ká sì sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pe ọmọ náà kó jókòó tì yín, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ẹ̀.