Bí a ṣe ń sọ fáìlì PDF di àwòrán láìpàdánù àmì ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Ìwé òfin ẹgbẹ́, tí a kọ ní èdè Yorùbá, wà lórí kọ̀ǹpútà mi ní fáìlì PDF, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní àwòrán ni kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn lórí WhatsApp, nítorí pé PDF kì í tètè ṣí lórí fóònù wọn. Mo sọ ọ́ di àwòrán, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò sì hàn mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, akọ̀wé. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ pé ìwọ̀n tí a fi ya àwòrán náà ló kéré jù. PDF, tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní ọdún 1993, máa ń tọ́jú bí lẹ́tà àti ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe rí àti ibi tí yóò dúró sí lójú ìwé, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi ń mọ́ kedere bó ti wù kí ẹ fẹ̀ ẹ́ tó. Àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ẹyọ aláwọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì ló para pọ̀ di àwòrán, iye tí ẹ bá sì yàn nígbà tí ẹ ń yí fáìlì padà ni ó máa ní, fífẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà kò lè fi kún un.

Bí ẹ bá lo píksẹ́lì 72 fún ínṣì kan, ojú ìwé A4 yóò jẹ́ 595 ní ìbú àti 842 ní gígùn. Ní ìwọ̀n yìí, àmì abẹ́ lẹ́tà lè má ju píksẹ́lì kan péré lọ, ó sì lè pòórá pátápátá. Píksẹ́lì 150 fún ínṣì kan lè tó fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n fún Yorùbá, 300 ni mo fọwọ́ sí, èyí tí yóò sọ ojú ìwé A4 di 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn. Ẹ má lọ sí 600, nítorí iye píksẹ́lì yóò di ìlọ́po mẹ́rin, fáìlì yóò wúwo, ojú fóònù kò sì ní fi ìyàtọ̀ hàn.

Áàpù GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń béèrè ìwọ̀n yìí bí ẹ bá fi ṣí PDF. Bí ojú ìwé bá pọ̀, tí ẹ sì ní Poppler, àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún PDF, lórí kọ̀ǹpútà, àṣẹ kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ̀ sínú fèrèsé àṣẹ (terminal) yóò sọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan di àwòrán tirẹ̀ (ẹ fi orúkọ fáìlì yín dípò iwe-ofin.pdf):

pdftoppm -r 300 -png iwe-ofin.pdf oju-iwe

Nínú irú fáìlì àwòrán, ẹ yan PNG, kì í ṣe JPEG. JPEG dára fún fọ́tò, ṣùgbọ́n láti dín fáìlì kù, ó máa ń ju díẹ̀ nù lára àwòrán, etí lẹ́tà dúdú lórí bébà funfun sì ni àbàwọ́n rẹ̀ ti máa ń hàn jù.

WhatsApp fúnra rẹ̀ tún máa ń fún àwòrán pọ̀. Ẹ yan HD kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ó má baà fún un pọ̀ jù, tàbí, bí ẹ bá fẹ́ kí ó dé bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Bí àmì bá ti yẹ̀ nípò nínú PDF gan-an, fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi tẹ ìwé náà, ni ẹjọ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ ti tẹ ìwé náà ni kí ẹ ti tún un ṣe, kí ẹ sì rí i pé fọ́ǹtì náà wọ inú PDF.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ká mi lára. Púpọ̀ nínú àwọn ojúlé tó ń bá ènìyàn yí fáìlì padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ìwé yín lọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn. Bí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, orí kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má sì pa PDF náà rẹ́, torí ẹ kò lè wá ọ̀rọ̀ inú àwòrán bí ẹ ṣe ń wá ti PDF, áàpù tí ń ka ìwé sétí afọ́jú kì í sì í sábà rí i kà dáadáa.

Kí ẹ tó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ fi ojú ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù lọ ránṣẹ́ sí àgbà kan, kí ó sọ fún yín bóyá ó rí i kà.