Ṣé òṣèlú wà nínú Action Comics àkọ́kọ́ ti ọdún 1938?

Ó wà dáadáa. Àkójọ ìtàn aláwòrán ni ìwé náà, Zatara onídán àti àwọn mìíràn wà níbẹ̀, àmọ́ inú ìtàn Superman, tó gba ojú ewé mẹ́tàlá, ni ọ̀rọ̀ wà. Kò bá àǹjọ̀nú kankan jà o. Ó gba obìnrin tí wọ́n fẹ́ pa láìṣẹ̀ sílẹ̀, ó fìyà jẹ ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ẹni tó ń bá sẹ́nétọ̀ kan dìmọ̀ kí Amẹ́ríkà lè kó sí wàhálà Yúróòpù sáré lórí wáyà! Nínú ẹ̀dà kejì, ó fipá sọ oníṣòwò ohun ìjà di ọmọ ogun, kí òun náà gbọ́ ìró ìbọn. Ìtàn yòókù ò fi bẹ́ẹ̀ wú mi lórí.