Ta ni ó ní àṣẹ nínú ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú ọ̀dọ́ aláìnílé: alága ni tàbí olùdarí?

Ẹ bèèrè ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ aláìlérè tí ó ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ aláìnílé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí. Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ga jù. Òun ni ó máa ń yan alága, akọ̀wé àti akápò, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì máa ń gba olùdarí síṣẹ́, tí wọ́n ń yẹ ìnáwó rẹ̀ wò, tí wọ́n sì lè yọ ọ́ bí ó bá kùnà. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ti olùdarí, bíi kí ó wá ẹbí ọmọ tí a bá níbi tí ó ń sùn sí ní ọjà Ouando.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ó gba ìṣọ́ra jù lójú tèmi. Òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, èyí tí ó dá lórí ọmọdé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, nítorí náà kò yẹ kí olùdarí gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé láìsọ fún àwọn aláṣẹ, ìbáà jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fi í fún láti tọ́ ni ó lé e jáde.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ alága, olùdarí àti akápò pa pọ̀, nítorí kò ní sí ẹni tí yóò lè bi í léèrè owó oúnjẹ àwọn ọmọ náà.