Ariwo tó ń kùn lábẹ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀

Àbúrò mi, o ní o ń gba oríkì sílẹ̀ nínú yàrá rẹ ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé nǹkan kan ń kùn "hùùùù" lábẹ́ ohùn ìyá tó ń kì í. O ní tí o bá fọwọ́ kan irin ara láptọ́ọ̀pù, ariwo náà á rọlẹ̀, tí o bá gbọ́wọ́ kúrò, á tún padà. Wọ́n sì ti ní kí o lọ ra máìkì tuntun. Má rà á. Máìkì rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ tí o fi kan irin yẹn ti fi ibi tí àrùn wà hàn ọ́: iná tó yẹ kó wọlẹ̀ kò rí ọ̀nà, ara rẹ ló wá ń bá a ṣe ọ̀nà.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, jẹ́ kó máa fi bátìrì ṣiṣẹ́, kí o sì gba yàrá náà sílẹ̀ láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Tí ariwo bá lọ, ojú ọ̀nà iná ló ti ń wọlé. Tí kò bá lọ, yọ máìkì kúrò lẹ́nu wáyà rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ nígbà náà, máìkì ló ń kó o wọlé láti inú yàrá. Bí kò bá dákẹ́, yọ wáyà náà pẹ̀lú, kí o wá yí bọ́tìnì tó ń gbé ohùn máìkì sókè wálẹ̀ pátápátá. Ariwo tí kò bá bá a wálẹ̀, inú sáǹdì káàdì, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn wọ láptọ́ọ̀pù, tàbí wáyà USB ló wà. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kí o máa yọ. Ẹni tó bá yọ mẹ́ta papọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Ní ti tìrẹ, ó dá mi lójú pé ilẹ̀ ni. Mo ti ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ń gbé: ihò mẹ́ta ló wà lójú, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, kò sí níbẹ̀, tàbí kó wà kó má dé ilẹ̀. Ṣájà láptọ́ọ̀pù sì máa ń jo iná díẹ̀ sára irin, ìyẹn tó máa ń ta ni lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ilẹ̀ kò bá gbà á, inú ohùn ni yóò gbà. Pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kó gbá ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, bí ẹ̀bá ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà, kó sì fa wáyà láti ibẹ̀ dé bọ́ọ̀dù tí iná ilé ti ń pín. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ tó gbẹ kì í gba iná dáadáa. Mo máa ń da omi sídìí ọ̀pá tèmi kí n tó gba ohun pàtàkì sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí o gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Lóòótọ́ ariwo lè lọ. Tí ẹ̀rọ méjì bá gba sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wáyà ohùn sì tún so wọ́n pọ̀, iná á máa yí po láàárín wọn, gígé yẹn ló já àyípo náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ni yóò gba iná lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ bá kan irin ẹ̀rọ. Akọrin tó di gìtá mú, tó gbé ètè lé máìkì onírin, lè kú síbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń bójú tó ohùn, kíbọ́ọ̀dù wà níwájú, míkísà wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Iná gbogbo wọn la fà láti ojú kan ṣoṣo, a sì fi DI box, àpótí kékeré tí wáyà ohùn ń gbà kọjá, sáàárín. Bọ́tìnì ara rẹ̀ ń já ilẹ̀ ti wáyà ohùn nìkan, kì í fọwọ́ kan ti iná.

Má jẹ́ kí wáyà máìkì àti wáyà iná sùn ti ara wọn. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì. Tí ọ̀nà bá jìn, wáyà XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí o lò. Wáyà méjì inú rẹ̀ ń gbé ohùn kan náà lọ ní òdìkejì ara wọn. Ariwo tó bá wọ̀ ọ́ lọ́nà ń wọ méjèèjì bákan náà, nígbà tí wọ́n bá sì dé òpin, ẹ̀rọ á yọ ọ̀kan nínú èkejì, ohùn nìkan á ṣẹ́kù.

Ariwo tó ń ṣe "tì-tì-tít, tì-tì-tít" kí ìpè tó wọlé, fóònù ni. Fóònù tó bá wà lórí 2G ń ta ìgbì jáde ní nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, máìkì sì ń gbé e. Pípa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ràn án. Kó gbogbo wọn jáde, títí dé ti ọmọ tó mú ìyá náà wá, tàbí kí ẹ fi wọ́n sí flight mode. Èyí tó bá ń yí padà bí o ṣe ń yí síwíìsì fáànù, fáànù ni kí o pa. Èyí tó ń ta "ṣáà, ṣáà" láìní ìlànà, wo ìta bóyá jórinjórin ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Iná tí òun ń lò ni ìwọ náà ń lò. Àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ni mo máa ń gba ohùn tó bá ṣe iyebíye.

Kọ̀ǹpútà lè fọ ohùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ àwọn fídíò Amẹ́ríkà á ní kí o gé 60 Hz, ìyẹn ariwo iná tó ń yí ní ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná tibẹ̀ nìyẹn. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn ìlọ́po rẹ̀, sì wà ní 100, 150, 200, níbi tí ohùn ènìyàn fúnra rẹ̀ wà. Tí o bá ń fọ̀ ọ́ jù, ohùn ìsàlẹ̀ tó rọ̀ lópin ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, oríkì tí a kò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní yé àwọn ọmọ tí o ń gbà á sílẹ̀ fún.

Nítorí náà, bí ìyá náà bá ṣì lè kì í lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ̀ wọ́n, kí o fi bátìrì gbà á. Bí ariwo bá ṣì wà lórí bátìrì, gba ìṣẹ́jú kan tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí n gbọ́ ọ.